Blackjack tó ń san 6:5: ṣé ẹni tó ń ka káàdì ṣì lè rí owó mú níbẹ̀?

Ní ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́ ní Las Vegas lónìí, ìlà kékeré kan wà lára aṣọ tábìlì blackjack (eré káàdì tí èèyàn ti ń gbìyànjú láti súnmọ́ 21 ju apínkáàdì lọ, láì kọjá rẹ̀) tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà kí wọ́n tó jókòó. "Blackjack pays 6 to 5" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nígbà kan rí, "3 to 2" ló máa ń wà lójú ibẹ̀. Ẹni tó fi $10 sílẹ̀, tó sì gba 21 pẹ̀lú káàdì méjì àkọ́kọ́, á gba èrè $15 lórí tábìlì 3:2. Lórí tábìlì 6:5, $12 ni. Dọ́là mẹ́ta péré ló yọ. Ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ lè má tilẹ̀ fura.

Àwọn tó ń ka káàdì, ìyẹn àwọn tó ń ṣọ́ káàdì tó ti jáde kí wọ́n lè mọ irú èyí tó kù, fura, ó sì pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí: ṣé ẹni tó mọ káàdì kà dáadáa ṣì lè jẹ owó lórí tábìlì yìí? Ìdáhùn kúkúrú nìyí. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo ìdì káàdì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ (káàdì 52 ló wà nínú ìdì kan), kò sí èrè gidi kankan níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo ìdì kan ṣoṣo, ìṣirò fi hàn pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n bí owó ṣe gbọ́dọ̀ máa fò sókè kó tó ṣeé ṣe, kò sí alábòójútó tó máa wò ó níran.

Àlàyé gígùn rẹ̀ ló wúlò jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣe ni 6:5 kàn sún ìlà ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, pé ẹni tó bá ní sùúrù tó sì dúró de káàdì tó dára á bá a padà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi tí ẹni tó ń ka káàdì ti ń jẹun gan-an ni 6:5 ti ń bù ú jẹ.

Ibi tí owó náà ń gbà lọ

Ẹ jẹ́ ká pe éésì kan pẹ̀lú káàdì kan tó tó mẹ́wàá (10, Jack, Queen tàbí King), tó bọ́ sí èèyàn lọ́wọ́ látìbẹ̀rẹ̀, ní 21 ẹsẹ̀kẹsẹ̀. Nínú ìdì káàdì mẹ́fà, ó máa ń wá ní ìgbà 4.75 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ọwọ́ mọ́kànlélógún. Nígbà mìíràn, apínkáàdì náà á ní tirẹ̀, wọ́n á sì ta ọ̀mì, kò sẹ́ni tó gba nǹkan kan. Tí a bá yọ ìyẹn kúrò, ó kù nǹkan bí 4.53%. Lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan, 3:2 ń san dọ́là kan àbọ̀, 6:5 ń san $1.20. Ọgbọ̀n sẹ́ǹtì ló já. Ẹ fi 0.30 sọ 4.53% di púpọ̀, ẹ máa rí 1.36%. Nínú ìdì kan ṣoṣo, ó jẹ́ nǹkan bí 1.39%.

Lójú ẹni tí kò mọ blackjack, 1.36% lè dà bí ohun yẹpẹrẹ. Ẹ fi í wé àwọn òfin mìíràn tí àwọn atatẹ́tẹ́ máa ń ráhùn lé lórí. Tí apínkáàdì bá gbọ́dọ̀ gba káàdì kún 17 tí éésì inú rẹ̀ ṣì ń jẹ́ 11, nǹkan bí 0.2% ló ń ná yín. Tí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ sọ owó di méjì lẹ́yìn tí ẹ bá ti pín ọwọ́ sí méjì, 0.14%. Tí kò bá sí àǹfààní láti juwọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì gba ìdajì owó yín padà, 0.08%. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ, kò tó ìdajì ohun tí 6:5 nìkan ń gbà.

Tábìlì ìdì mẹ́fà tó ń san 3:2, tí apínkáàdì rẹ̀ ń gba káàdì kún irú 17 yẹn, ń fún ilé tẹ́tẹ́ ní nǹkan bí 0.6% lára owó gbogbo tí ẹni tó mọ ìlànà ìpìlẹ̀, ìyẹn ohun tó dára jù láti ṣe lórí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, bá fi sílẹ̀. Ẹ yí i padà sí 6:5, ó di nǹkan bí 2%. Ẹni tó ń fi $25 sílẹ̀ ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, tó ń ta ọwọ́ 70 ní wákàtí kan, á máa pàdánù $10.50 ní wákàtí lórí ti àkọ́kọ́, tí a bá wo ìpíndọ́gba. Lórí èkejì, $35. Tábìlì kan náà, káàdì kan náà, apínkáàdì kan náà.

Àwọn eré kan tilẹ̀ wà tó ń san 1:1 fún 21 ẹsẹ̀kẹsẹ̀, ìyẹn ni pé $10 á mú $10 wá. Nǹkan bí 2.27% ni ìyẹn ń gbà. Super Fun 21, tí wọ́n ń fi ìdì kan ta, jẹ́ ọ̀kan lára wọn: 1:1 ló ń san fún gbogbo 21 ẹsẹ̀kẹsẹ̀, àfi èyí tó bá jẹ́ dáyámọ́ńdì méjèèjì, tí wọ́n ń san 2:1 fún. Wọ́n fi àwọn òfin mìíràn tó dùn gbọ́ létí bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n owó tó ti já kò padà tán.

Báwo ni a ṣe dé ibí

Ní 1956, àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní Aberdeen Proving Ground, Roger Baldwin, Wilbert Cantey, Herbert Maisel àti James McDermott, tẹ ìṣirò ìlànà ìpìlẹ̀ jáde: ìgbà tó yẹ kéèyàn gba káàdì, ìgbà tó yẹ kó dúró, ìgbà tó yẹ kó sọ owó di méjì. Ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì ni wọ́n fi ṣe é. Lẹ́yìn wọn ni Edward Thorp, onímọ̀ ìṣirò, lo kọ̀ǹpútà IBM 704 ní MIT. Ó fi hàn pé káàdì tó ti jáde ń yí ohun tó kù nínú ìdì padà, àti pé ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ lè borí ilé tẹ́tẹ́. Ó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1962.

Ẹ̀rù ba àwọn ilé tẹ́tẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1964, àwọn ti Las Vegas yí òfin blackjack padà: wọ́n dín àǹfààní sísọ owó di méjì àti pípín éésì kù. Àwọn oníbàárà wọn bínú kúrò nídìí tábìlì, kò sì pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n fi dá òfin àtijọ́ padà. Ohun tí a rò pé wọ́n kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí atatẹ́tẹ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ pín éésì, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ pín in, mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ẹni tó gba 21 ẹsẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n san $12 fún dípò $15 ṣì ń rẹ́rìn-ín, torí pé ó jẹ.

Nígbà tí 6:5 wá gbilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ara tábìlì onídìí kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í lọ́lẹ̀. Ìdì kan ni àwọn èèyàn ti gbọ́ pé ó dára jù, òtítọ́ sì ni, nígbà tó ń san 3:2. Orúkọ rere yẹn ni wọ́n fi pe èrò. Lẹ́yìn náà ló ràn dé orí tábìlì onídìí mẹ́fà àti mẹ́jọ.

Kíkà káàdì, àti ohun tó ń mú èrè rẹ̀ wá

Ọ̀nà tí àwọn èèyàn mọ̀ jù ni Hi-Lo, tí Harvey Dubner gbé kalẹ̀ ní 1963. Káàdì 2 títí dé 6, ẹ fi ẹyọ kan kún ònkà yín. Káàdì 7, 8 àti 9, ẹ má kà á. Káàdì 10, Jack, Queen, King àti éésì, ẹ yọ ẹyọ kan. Ká ní 5, King, 2, 6, 9 àti 4 ló jáde tẹ̀ léra wọn. Ònkà yín á lọ báyìí: 1, 0, 1, 2, 2, 3. Káàdì kékeré ti jáde ju ńlá lọ, ìyẹn ni pé ohun tó kù nínú àpótí tí wọ́n ń fa káàdì yọ ti dára díẹ̀ sí i fún yín.

Ònkà yẹn nìkan kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ pín in pẹ̀lú iye ìdì tó kù kó tó di ònkà gidi. Tí ònkà yín bá jẹ́ +12 tí ìdì mẹ́rin ṣì kù, +3 ni ònkà gidi. Tí ìdì méjì ló kù, +6 ni. Orí àwo tí wọ́n ń kó káàdì tí wọ́n ti lò sí ni ojú yín máa wà láti mọ iye tó kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wáyé. Ìdì mẹ́ta ló kù, ẹ rò pé méjì àbọ̀ ni, +12 tó yẹ kó jẹ́ +4 á di 4.8 lójú yín. Lórí tábìlì 3:2, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kàn ń mú kí owó yín pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ níbi tí ẹ ti ń jẹ èrè tẹ́lẹ̀. Lórí tábìlì 6:5, ó ń mú kí ẹ gbé owó ńlá kalẹ̀ níbi tí ẹ ṣì ti ń pàdánù.

Ìṣirò tí gbogbo ẹni tó ń ka káàdì mọ̀ ni pé bí ònkà gidi bá ṣe ń fi ẹyọ kan kún un, àǹfààní yín ń gòkè ní nǹkan bí 0.5%. Lórí tábìlì 3:2 tó ń gba 0.6%, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ gbèsè ní nǹkan bí +1. Lórí tábìlì 6:5 tó ń gba 2%, ẹ máa retí pé ní +4 ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe +4. Kí nìdí tí káàdì ńlá fi ń ṣe ẹni tó ń ta láǹfààní ju apínkáàdì lọ, nígbà tó jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló ń gbà á? Ìdí mélòó kan ló wà. Apínkáàdì gbọ́dọ̀ gba káàdì kún 12 títí dé 16 tirẹ̀, káàdì ńlá á sì gbé e kọjá 21. Ẹ̀yin lè sọ owó yín di méjì lórí 10 tàbí 11, òun kò lè ṣe é. Ìdí mìíràn tó wúwo ni 21 ẹsẹ̀kẹsẹ̀. Tí apínkáàdì bá gbà á, owó tí ẹ fi sílẹ̀ nìkan ló gbà. Tí ẹ̀yin bá gbà á, ẹ̀ ń gba ìlọ́po kan àbọ̀. Ìdajì yẹn, tó wà lórí tẹni tó ń ta tí kò sì sí lórí ti apínkáàdì, jẹ́ ọ̀kan lára òpó tí kíkà káàdì fi ẹ̀yìn tì.

Wàyí o, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ònkà bá gòkè. Ẹyọ kan ònkà gidi ń mú kí 21 ẹsẹ̀kẹsẹ̀ pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá kan nínú ogún. Ní +4, kì í wá ní 4.75% mọ́, ó ti súnmọ́ 5.7%, ẹ̀ẹ̀kan nínú ọwọ́ mẹ́tàdínlógún tàbí méjìdínlógún. Ọgbọ̀n sẹ́ǹtì tí 6:5 ń yọ lórí dọ́là kan á wá máa já léraléra sí i. Ohun tó ń gbà lọ kò dúró sí 1.36% mọ́, ó ti tó 1.6%. Èyí túmọ̀ sí pé ẹyọ kan ònkà gidi kò níye lórí tó 0.5% lórí tábìlì 6:5. Nǹkan bí 0.43% ni. Ibi tí ẹ ti máa bọ́ lọ́wọ́ gbèsè á sún kọjá +4, ó di àárín +4 sí +5.

Ẹ fojú inú wò ó. Ẹ ti jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀ ń fi owó kékeré sílẹ̀, ẹ̀ ń kà. Ònkà gidi dé +5. Ẹ gbé $100 kalẹ̀. Éésì bọ́ sílẹ̀, King tẹ̀ lé e. Ọwọ́ tí ẹ ti ń dúró dè láti àárọ̀ nìyí, òun ló yẹ kó dí gbogbo ihò tí owó kékeré ti ń jò láti ẹ̀yìn wá. Apínkáàdì ka $120 fún yín dípò $150. Ọgbọ̀n dọ́là tó já yẹn, lára àwọn ọwọ́ díẹ̀ tó ń sanwó fún gbogbo ìyókù ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ọwọ́ ọgọ́rùn-ún lórí tábìlì onídìí mẹ́fà

Ká ní wọ́n ń pín ìdì mẹ́rin àbọ̀ nínú mẹ́fà kí wọ́n tó po káàdì pọ̀. Nínú ọwọ́ 100, ònkà gidi á wà ní +1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìgbà 27 tàbí 28. Á wà ní +4 sókè ní nǹkan bí ìgbà 5 péré. Ní +5 sókè, kò tó ìgbà 3.

Lórí 3:2, ẹ fi $10 sílẹ̀ nígbà tí káàdì kò bá dára, ẹ gbé e sí $100 láti +1 lọ sókè. Ọwọ́ 72 tí kò dára á gba nǹkan bí $8 lọ́wọ́ yín, àwọn tó dára á mú nǹkan bí $21 wá. Èrè $13 ló kù, tí a bá wo ìpíndọ́gba. Kódà, $40 lásán nígbà tí káàdì bá dára ti tó láti mú yín bọ́ lọ́wọ́ gbèsè: ìlọ́po mẹ́rin owó kékeré yín.

Ẹ lọ sórí 6:5. A máa ṣojú rere sí i, a máa lo 0.5% fún ẹyọ kan ònkà gidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti rí i pé kò tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ 95 tí ẹ fi $10 ta á gba $20 lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ márùn-ún tó dára, pẹ̀lú $100, á mú nǹkan bí $4 wá. Ẹ pàdánù $16. Tí ẹ bá gbé owó ńlá yín sí $200, ẹ ṣì pàdánù $12. Kí ẹ tó lè bọ́ lọ́wọ́ gbèsè lásán, láìjẹ kọ́bọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa gbé nǹkan bí $500 kalẹ̀ lórí tábìlì tí ẹ ti ń fi $10 ta. Ìlọ́po àádọ́ta. Pẹ̀lú 0.43% tó jẹ́ òtítọ́, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹnì kan bá sì ní irú owó bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà nídìí kámẹ́rà kò nílò láti mọ káàdì kà kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe. Ní Nevada, ilé tẹ́tẹ́ lè sọ fún ẹni tó ń ka káàdì pé kó má ta blackjack mọ́, tàbí kó máa lọ. Ní New Jersey, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà dájọ́ ní 1982, nínú ẹjọ́ tí Ken Uston, ọ̀kan lára àwọn tó ń ka káàdì, pè, pé ilé tẹ́tẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lé èèyàn nítorí kíkà káàdì. Ṣùgbọ́n wọ́n lè po káàdì nígbà tí owó yín bá ṣàdéédéé gòkè. Nígbà tí èrè yín bá so mọ́ ọwọ́ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìpokáàdì ẹ̀ẹ̀kan ti tó láti gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹni tó dúró lẹ́yìn ńkọ́?

Èyí ni ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ máa ń fún wa. Kí ló dé tí mo fi máa ta ọwọ́ 95 tí kò dára? Mo lè dúró lẹ́yìn àwọn tó ń ta, kí n máa kà, kí n má jókòó àfi tí ònkà bá dé +5. Orúkọ Stanford Wong, òǹkọ̀wé kan lórí blackjack, ni wọ́n fi ń pe àṣà yìí láàárín àwọn tó ń ka káàdì, ó sì lágbára gan-an lórí 3:2.

Lórí 6:5, ẹ ka ọwọ́ 100 láì fi owó sílẹ̀, ẹ ó rí bíi méjì tàbí mẹ́ta tó yẹ kí ẹ fi $100 ta. Àǹfààní yín lórí wọn jẹ́ nǹkan bí 1% tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Gbogbo èrè tí ẹ máa retí lẹ́yìn ọwọ́ 100 tí ẹ fi ojú ṣọ́ kò ju $2 sí $3.50 lọ. Láàárín ọwọ́ díẹ̀ yẹn, owó yín lè fi nǹkan bí $190 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ ohun ìyanu rárá. Lórí tábìlì tó kún, ó ju wákàtí kan lọ kí ọwọ́ 100 tó pé. Ọ̀pọ̀ tábìlì ló sì kọ ọ́ sára pé ẹni tí kò bá ta láti ìbẹ̀rẹ̀ àpótí kò lè wọlé láàárín. Ìṣirò rẹ̀ pé, èrè wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ dúró wákàtí mẹ́jọ fún ogún dọ́là ń pọn omi sínú agbọ̀n ni.

Ìdì kan ṣoṣo

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ díẹ̀, ó sì yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Nínú ìdì kan, ònkà gidi ń fò gan-an. Tí káàdì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n bá ti jáde, ònkà +3 lásán ti di +6 gidi. Tábìlì onídìí kan tó ń san 6:5 ń gba nǹkan bí 1.5%. Ẹni tó dá nìkan bá apínkáàdì ta, tó ń rí ọwọ́ márùn-ún kí wọ́n tó po káàdì, á bá ònkà gidi +3 sókè pàdé ní nǹkan bí ìgbà 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí a bá tún ṣojú rere sí i bíi ti ìṣáájú, owó ńlá tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án owó kékeré á mú un bọ́ lọ́wọ́ gbèsè, ohun tó bá lé á di èrè.

Ó dún bí ohun tó ṣeé ṣe. Wàhálà rẹ̀ ni pé ọwọ́ márùn-ún yẹn kò ju ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá fi $10 ta ọwọ́ mẹ́ta, tó wá gbé $120 kalẹ̀ ní ìkẹrin, tó tún padà sí $10 lẹ́yìn tí wọ́n po káàdì, gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì ló rí i. Ìlọ́po mẹ́rin ti ń mú kí wọ́n máa wo èèyàn lójú lórí ìdì kan. Tí ẹlòmíràn bá tún jókòó tì yín, ọwọ́ tí ẹ máa rí nínú ìdì kọ̀ọ̀kan á dín kù. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn sì máa ń wáyé ní ònkà òdo, níbi tí 1.5% ti ń dúró dè yín.

Ohun tí 6:5 kò lè fọwọ́ kàn

Adójútòfò (insurance), ìyẹn owó àfikún tí ẹ fi ń ta á pé apínkáàdì ní 21 ẹsẹ̀kẹsẹ̀, kò yí padà. Nígbà tí apínkáàdì bá ṣí éésì, tí ẹ sì ra á, 2:1 ni wọ́n ṣì ń san lórí rẹ̀, ó sì ṣì ń di èrè láti ònkà gidi +3 lọ.

Ohun kan tó jọ ọ́ yàtọ̀ pátápátá. Lórí 3:2, tí ẹ bá ní 21 ẹsẹ̀kẹsẹ̀ tí apínkáàdì ṣí éésì, ó lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ gba 1:1 lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wo káàdì tó dojú bolẹ̀. Ẹni tí kì í ka káàdì kò yẹ kó gbà á. Lórí 6:5, tí wọ́n bá fi lọ̀ yín, ẹ gbà á nígbà gbogbo. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: nǹkan bí ìgbà 4 nínú 13 ni apínkáàdì máa ní tirẹ̀, ẹ̀yin á ta ọ̀mì. Ìgbà 9 yòókù, ẹ gba 1.2. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 0.83, kò sì tó 1 tí wọ́n nawọ́ rẹ̀ sí yín. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tábìlì 6:5 kò fi ń fi lọ èèyàn.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kì í ṣe kíkà káàdì. Apínkáàdì tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá lè máa ṣí káàdì tó dojú bolẹ̀ hàn díẹ̀ nígbà tó bá ń tì í sábẹ́ èkejì. Ẹni tó bá ń rí i ní gbogbo ìgbà, àǹfààní rẹ̀ lè tó nǹkan bí 10%, 6:5 kò sì lè jẹ irú èrè bẹ́ẹ̀ tán. Ojú lásán nìkan ni kí ẹ lò o. Láti 1985 ni Nevada ti fi òfin de ẹ̀rọ èyíkéyìí tí èèyàn bá fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí tẹ́tẹ́, ọ̀ràn tó lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n sì ni.

Kí ẹ tó jókòó

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ ka ohun tó wà lára aṣọ tábìlì, kì í ṣe pátákó tó wà lókè rẹ̀. Tí ẹ kò bá rí iye tí wọ́n ń san fún blackjack kà, ẹ bi apínkáàdì léèrè, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáhùn. Ẹ wo àpótí káàdì pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń po káàdì láìdúró, tí apínkáàdì ń dá káàdì tí wọ́n ti lò padà sínú rẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ònkà kò ní lọ síbì kankan, ì báà jẹ́ 3:2. Tó bá jẹ́ àpótí lásán, ẹ wo ibi tí wọ́n ki káàdì aláwọ̀ sí, èyí tó ń sọ ìgbà tí wọ́n máa po káàdì. Tó bá fi ìdì méjì sẹ́yìn rẹ̀ nínú mẹ́fà, ìwọ̀nba ni ònkà yín máa lè gòkè.

Ohun tó sábà máa ń fa èèyàn sídìí 6:5 ni pé owó tó kéré jù níbẹ̀ rọrùn. Ilé tẹ́tẹ́ kan náà lè ní 6:5 tí èèyàn lè fi $15 ta, kí 3:2 wọn bẹ̀rẹ̀ láti $50. Lójú, ti $15 ni a fi ń dáàbò bo àpò. Ẹ ṣírò ohun tó ń lọ ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, fún ẹni tó mọ ìlànà ìpìlẹ̀ tí kì í ka káàdì rárá: 2% nínú $15 jẹ́ ọgbọ̀n sẹ́ǹtì, 0.6% nínú $50 náà jẹ́ ọgbọ̀n sẹ́ǹtì. Òótọ́ ni pé owó á fò sókè sódò ju ti $15 lọ lórí tábìlì $50, ẹni tí àpò rẹ̀ kò gbà á kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní 3:2 ní $25, sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń lọ ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ìdajì ohun tí tábìlì $15 ń gbà.